Orí Kẹfà: Iṣẹ́ Abẹ fún Àìsàn Èémí-Sísé Lójú Oorun

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí kọ́

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

1. ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun ẹni tí èémí rẹ̀ ń sé lójú oorun;
2. mọ aláìsàn tó nílò iṣẹ́ abẹ yàtọ̀ sí ẹni tí ìtọ́jú mìíràn yóò tó;
3. dárúkọ àwọn iṣẹ́ abẹ tó wà, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tún ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ;
4. sọ ewu iṣẹ́ abẹ ọ̀fun àti bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn lẹ́yìn rẹ̀;
5. tọ́ aláìsàn láti Mowé, Ìbafò tàbí Ifọ̀ sí ilé ìwòsàn tó yẹ.

6.1 Ìfáàrà

Ní Mowé àti Ìbafò, ilẹ̀ kì í mọ́ kí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó kún. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, wọ́n á ti jí láti aago mẹ́rin ìdájí kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ má baà ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Ní Ifọ̀, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò kì í dáwọ́ dúró. Níbi tí ọkọ̀ pọ̀ tó báyìí, awakọ̀ tó ń tòògbé nídìí ọkọ̀ jẹ́ ewu fún gbogbo èèyàn. Àìsùntó ló ń ṣe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n sun wákàtí mẹ́jọ gbáko tí ara wọn ò sì balẹ̀, nítorí pé jálẹ̀ òru ni èémí wọn ń sé, tó ń já, tó tún ń sé.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fojú bù ú pé, káàkiri ayé, àgbàlagbà mílíọ̀nù 936 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 30 sí 69 ló ní àìsàn yìí, àti pé ó ti wọ mílíọ̀nù 425 nínú wọn lára dé ìpele kejì tàbí ìkẹta (wo 6.2). Ìhanrun wà lára àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n nílé wa, bí ẹnì kan bá ń hanrun, a máa ń sọ pé ó sùn wọra. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Kókó orí yìí kò ju ọ̀kan lọ: ibi tí ọ̀nà èémí ti ń dí ni iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Oníṣẹ́ abẹ tí kò bá kọ́kọ́ wá ibẹ̀ rí lè gé ẹran ara tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, kí aláìsàn sì máa hanrun lọ.

6.2 Bí èémí ṣe ń sé

Láti ẹ̀yìn imú títí dé òkè gògóńgò, kò sí eegun tó di ọ̀fun mú kó máa là sílẹ̀. Iṣan ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí a bá sùn, iṣan wọ̀nyí á dẹ̀. Lára ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ̀, kò sí wàhálà. Lára ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ há, àyà á máa fa afẹ́fẹ́ tagbára-tagbára, ògiri ọ̀fun á sì pàdé, bí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọdé fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ra bí ẹnu rẹ̀ kan bá dí.

Bí ọ̀nà bá ti dí, ikùn àti àyà ṣì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ọpọlọ á ta jí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, iṣan á le, aláìsàn á fa èémí wọlé tariwo-tariwo, á sì padà sùn láìmọ̀ pé òun jí rárá. Bí èémí bá sé fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àgbàlagbà, a kà á sí ìgbà kan. Iye ìgbà tí èémí sé tàbí tó dínkù gidigidi láàárín wákàtí kan ni àwọn oníṣègùn ń pè ní òǹkà AHI. Báyìí ni a ṣe ń kà á fún àgbàlagbà:

- kò tó 5: kò sí àìsàn;
- 5 sí 14: ìpele kìíní, kò le púpọ̀;
- 15 sí 29: ìpele kejì, ó ti ń wọra;
- 30 sókè: ìpele kẹta, ó le gan-an.

Fún ọmọdé, òǹkà tó bá ti lé ní 1 pàápàá ti tó ohun tí a ń fiyè sí.

Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lóròòru, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, ọkàn á máa ṣe wàhálà, ewu rọpárọsẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ọmọdé lè má dàgbà bó ṣe yẹ, ó lè máa tọ̀ sílé, ó sì lè má lè fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ní ọ̀sán, àgbàlagbà ló máa ń tòògbé, ṣùgbọ́n ọmọdé sábà máa ń ṣe wàdùwàdù ni. Olùkọ́ lè pè é ní aláìgbọràn nígbà tó jẹ́ pé oorun ni kò rí sùn.

Ibi márùn-ún ni ọ̀nà ti sábà máa ń há: nínú imú fúnra rẹ̀, lẹ́yìn imú, níbi tí adénọ́ìdì wà, ní àjà ẹnu rírọ̀ pẹ̀lú bélubèlu tó so rọ̀ sí àárín rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun méjèèjì, níbi tí tọ́ńsìlì wà, àti ní ìdí ahọ́n. Bí eegun àgbọ̀n bá kéré tàbí tó sún sẹ́yìn, á ti ahọ́n sẹ́yìn, á sì fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rá tó yí ọrùn ká náà ń tẹ̀ ẹ́ láti ìta.

6.3 Àyẹ̀wò kí ọ̀bẹ tó jáde

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Aláìsàn ò mọ̀ pé òun ń hanrun, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ á sọ pé, "Dókítà, ó máa ń dákẹ́ lójijì. Màá máa retí kó mí. Ìgbà míì mo máa ń jí i." Gbólóhùn yìí wúlò ju ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò lọ.

Fún ará Mowé àti Ìbafò, ìbéèrè kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: báwo ni ara ṣe máa ń rí ní ọjọ́ ìsinmi, tí ẹ bá sùn tí ilẹ̀ fi mọ́? Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ lọ́jọ́ tó bá sùn pẹ́, àìsùntó ló ń ṣe é. Ẹni tó sùn títí tó tún ń tòògbé nílé ìsìn tàbí níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ yẹ ọ̀nà èémí rẹ̀ wò.

Ní 2008, Frances Chung àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto gbé ìbéèrè mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní STOP-Bang kalẹ̀. Ìbéèrè náà ni: ṣé ó ń hanrun kíkan, ṣé ó ń rẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, ṣé ẹnì kan ti rí i tí èémí rẹ̀ sé, ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé òǹkà BMI rẹ̀ (ìwọ̀n ara sí gíga) ju 35 lọ, ṣé ó ti lé ní ọdún 50, ṣé ọrùn rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ, ṣé ọkùnrin ni. Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ ká ṣe àyẹ̀wò fún un síwájú. Nọ́ọ̀sì ìlera alábọ́ọ́dé lè ṣe èyí pẹ̀lú téèpù télọ̀, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan.

Lẹ́yìn náà ni a ó ní kí aláìsàn la ẹnu. A ń wọn tọ́ńsìlì láti ìpele 1 dé 4. Ní ìpele 4, méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra wọn láàárín ọ̀fun. Ìdánwò oorun ni ẹ̀rí tó dájú jù: wọ́n á so wáyà mọ́ orí, àyà, imú àti ìka aláìsàn kó tó sùn, ẹ̀rọ á sì máa kọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú. Ẹ̀rọ kékeré tí aláìsàn lè gbé lọ sílé náà wà.

Ìdánwò oorun á sọ pé èémí ń sé, kò ní sọ ibi tó ti ń sé. Ìdí nìyí tí Croft àti Pringle fi gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní London ní 1991: wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn oorun díẹ̀, wọ́n á sì ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú rẹ̀ wọlé kí wọ́n lè fojú rí ibi tó ń pàdé. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ kí a tó la ọ̀fun àgbàlagbà.

6.4 Ta ni iṣẹ́ abẹ tọ́ sí?

Fún ọmọdé tí tọ́ńsìlì àti adénọ́ìdì rẹ̀ tóbi, iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Fún àgbàlagbà, ẹ̀rọ CPAP ló ń ṣáájú. Colin Sullivan ní Sydney, Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní 1981: ẹ̀rọ náà ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ìbòmú wọlé, afẹ́fẹ́ náà á sì máa la ọ̀fun sílẹ̀ ní gbogbo òru. Pẹ̀lú rẹ̀ ni a ó gba aláìsàn níyànjú pé kó dín ọ̀rá ara kù, kó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kó sì jìnnà sí ọtí àti oògùn oorun. Àwọn kan ń lo irinṣẹ́ tí wọ́n ń há sí eyín láti fa àgbọ̀n síwájú.

CPAP ń jẹ iná, òru ni a sì ń lò ó. Ní àdúgbò tí iná ìjọba ti ń lọ láàárín òru, aláìsàn nílò ínfátà tàbí bátìrì tó lè gbé e di àárọ̀. Ó yẹ kí dókítà béèrè nípa iná kó tó kọ ẹ̀rọ náà fún aláìsàn. Ẹni tó ti gbìyànjú CPAP tí kò lè fara dà á, tàbí tí kò ní ọ̀nà láti lò ó, tàbí tí ohun kan tó ṣeé gé ń dí ọ̀fun rẹ̀ gedegbe, òun ni a ń jíròrò iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú rẹ̀.

6.5 Iṣẹ́ abẹ fún ọmọdé

Láàárín ọdún 2 sí 8 ni tọ́ńsìlì àti adénọ́ìdì máa ń tóbi jù ní ìbámu pẹ̀lú ọ̀fun ọmọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú oorun, kò ní gbàgbé: ẹnu ọmọ là sílẹ̀, ó na ọrùn sẹ́yìn, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, kòtò sì ń jìn sábẹ́ ọrùn rẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń fa èémí.

Lábẹ́ oògùn akunilóorun, wọ́n á fi irin la ẹnu ọmọ, wọ́n á gé tọ́ńsìlì méjèèjì kúrò, wọ́n á sì ha adénọ́ìdì kúrò lẹ́yìn imú. Inú ẹnu ni wọ́n ń gbà ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí ojú abẹ lára ọrùn.

Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2013 yẹ ọmọ 464 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 5 sí 9 wò. Lẹ́yìn oṣù méje, ìdánwò oorun ti padà sí déédéé fún ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti fún ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: iṣẹ́ abẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ọmọ tí tirẹ̀ ò le, a lè ṣọ́ ọ fún oṣù díẹ̀ láìsí ìkánjú. Ọmọ tó sanra jù kì í sábà gbádùn èrè iṣẹ́ abẹ yìí tó ti ọmọ tí kò sanra.

Ní ilẹ̀ wa, a kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ládìde sẹ́yìn. Èémí-sísé wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí, àìtó ọ́síjìn lóru sì lè fa ìrora fún wọn. Kí a yẹ jínótaìpù gbogbo ọmọ wò kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọmọ tó bá jẹ́ SS sábà máa ń nílò kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ṣáájú, kí omi má sì wọ́n nínú ara rẹ̀.

6.6 Iṣẹ́ abẹ fún àgbàlagbà

Líla ọ̀nà èémí sí ọrùn. Òun ló pẹ́ jù fún èémí-sísé. Ní 1969, Kuhlo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì lu ihò sí ọ̀nà èémí lábẹ́ gògóńgò, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá láìdé ọ̀fun rárá. Ó ń wo àìsàn náà sàn, ṣùgbọ́n gbígbé pẹ̀lú páìpù lọ́rùn kò rọrùn. Lónìí, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu tí nǹkan míì ò sì ṣiṣẹ́ fún nìkan ni a ń ṣe é fún.

Títún àjà ẹnu ṣe. Ikematsu ní Japan ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún ìhanrun, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1964. Ní 1981, ọdún kan náà tí CPAP jáde, Shiro Fujita ní Detroit lò ó fún èémí-sísé. Wọ́n á yọ tọ́ńsìlì, wọ́n á gé bélubèlu àti díẹ̀ lára àjà ẹnu rírọ̀, wọ́n á sì rán etí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é fún gbogbo ẹni tó bá wá. Nígbà tí wọ́n kó ìwádìí jọ ní 1996, kò tó ìdajì nínú wọn tó ṣàṣeyọrí. Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ náà burú. Ìdí ahọ́n ni ọ̀nà ti ń dí lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìwádìí kan láti Sweden ní 2013 fara balẹ̀ yan àwọn tó tọ́ sí: òǹkà AHI wọn lọ sílẹ̀ láti bíi 53 sí 21. Ìyípadà ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n 21 ṣì jẹ́ àìsàn. Nítorí náà, kí a tún ìdánwò oorun ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Pé ariwo ìhanrun dínkù kò túmọ̀ sí pé èémí ò sé mọ́.

Títún imú ṣe. Títọ́ eegun àárín imú tó wọ́, tàbí dídín ẹran inú imú kù, kì í sábà wo èémí-sísé sàn fúnra rẹ̀. Èrè rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí aláìsàn lè lo ìbòmú CPAP láìnira.

Sísún eegun àgbọ̀n síwájú. Wọ́n á gé eegun àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀, wọ́n á sún wọn síwájú ní bíi mìlímítà 10, wọ́n á sì fi irin pẹlẹbẹ àti ìdè dì wọ́n. Ahọ́n àti àjà ẹnu á bá wọn lọ, ọ̀fun á sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ń ṣàṣeyọrí fún bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ ńlá ni; ètè tàbí àgbọ̀n lè kú tipiri fún oṣù díẹ̀, nígbà míì kó má tilẹ̀ lọ tán, ojú á sì yí padà díẹ̀.

Títa ahọ́n jí. Wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ àyà, wáyà rẹ̀ á sì dé ara fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ahọ́n. Aláìsàn á fi rìmóòtù tàn án bó bá fẹ́ sùn. Bó ṣe ń mí, ẹ̀rọ á máa ti ahọ́n síwájú. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2014 lórí aláìsàn 126, òǹkà AHI tó wà láàárín wọn lọ sílẹ̀ láti 29.3 sí 9.0 lẹ́yìn ọdún kan, àjọ FDA tó ń ṣàkóso oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún náà. Owó rẹ̀ ga púpọ̀.

Iṣẹ́ abẹ ikùn fún ọ̀rá àpọ̀jù. Dídín àpò oúnjẹ kù ń jẹ́ kí ọ̀rá ọrùn lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ti ara yòókù. Ó ń dín àìsàn náà kù gan-an, ṣùgbọ́n kì í pa á run lára gbogbo èèyàn. Ní Dísẹ́ńbà 2024, FDA tún fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ tirzepatide fún àgbàlagbà tó sanra jù tí èémí rẹ̀ ń sé, nítorí náà ọ̀bẹ nìkan kọ́ ni ọ̀nà mọ́.

6.7 Ewu àti ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Oògùn akunilóorun àti oògùn ìrora tó lágbára ń mú kí ọ̀fun dẹ̀ ju ti oorun lásán lọ. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ pé èémí òun ń sé gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n tó kùn ún lóorun, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, tàbí tí àìsàn rẹ̀ le gan-an, kí ó sun ilé ìwòsàn mọ́jú, kí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn wà ní ìka rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni ewu kejì. Ó lè ya láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí láàárín ọjọ́ 5 sí 10 nígbà tí èépá egbò bá ń ṣí. Bí ọmọ bá ń gbé itọ́ mì léraléra lójú oorun, kí nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀fun rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé mì. Ohun funfun tó bo ojú egbò kì í ṣe ìkẹ̀. Bó ṣe ń jinná nìyẹn.

Kí ọmọ mu omi dáadáa, kó sì jẹun. Ògì, ẹ̀kọ, àmàlà pẹ̀lú ewédú tí ata rẹ̀ kéré, gbogbo rẹ̀ dára. Parasitámọ́ọ̀lù ni kí a fi pa ìrora. A kò gbọ́dọ̀ fún ọmọdé ní oògùn ìrora codeine lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí: ara àwọn kan ń yára sọ ọ́ di morphine, èémí wọn á sì dúró. FDA ṣe ìkìlọ̀ tó le jù lọ lórí rẹ̀ ní 2013 lẹ́yìn tí ọmọ kú. Ní Nàìjíríà, ìjọba fòfin de omi ikọ́ tó ní codeine ní 2018.

6.8 Ọ̀nà ilé ìwòsàn

Mowé àti Ìbafò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Láti ibẹ̀, aláìsàn lè lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó wà ní Ṣàgámù. Ará Ifọ̀ lè gba ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nílùú náà dé Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta. LUTH ní Ìdí-Àrábà àti LASUTH ní Ìkẹjà wà fún ẹni tó bá súnmọ́ Èkó. Ilé ìwòsàn ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Òfin adójútòfò ìlera tó jáde ní 2022 sọ ọ́ di dandan fún ará Nàìjíríà; kí aláìsàn béèrè ohun tí tirẹ̀ yóò san.

Kí nọ́ọ̀sì tó jẹ́ kí ọmọ lọ sílé, kó bi òbí pé: bí ẹ̀jẹ̀ bá ya ní aago méjì òru, ilé ìwòsàn wo ló súnmọ́ yín jù, ta sì ni ọlọ́kọ̀ tí ẹ máa pè? Títì márosẹ̀ lè dí fún wákàtí púpọ̀. Kí ìdáhùn náà wà ní kíkọ sínú ìwé tí wọ́n ń mú lọ sílé.

Àwọn kan ṣì ń gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wánsáàmì, onígbàjámọ̀ ìbílẹ̀, kó bá wọn gé bélubèlu. Ẹ̀jẹ̀ lè ya débi ikú, egbò lè kẹ̀, abẹ tí wọ́n fi ṣe fún ẹlòmíràn sì lè kó àrùn ràn án. Kí a sọ ọ́ fún òbí láìbú wọn, nítorí ìfẹ́ ọmọ ló gbé wọn dé ibẹ̀.

6.9 Aláìsàn mẹ́ta fún ìjíròrò

A ro àwọn aláìsàn wọ̀nyí fún ẹ̀kọ́ ni.

A. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 4 láti Ifọ̀. Ó ń hanrun, ó ń tọ̀ sílé, tọ́ńsìlì rẹ̀ wà ní ìpele 4. Jínótaìpù rẹ̀ jẹ́ SS.

B. Awakọ̀ tírélà ẹni ọdún 52 láti Ìbafò. BMI rẹ̀ jẹ́ 38, ọrùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, AHI rẹ̀ jẹ́ 48. Tọ́ńsìlì rẹ̀ kéré, ìdí ahọ́n rẹ̀ nípọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó lọ gé àjà ẹnu.

C. Olùkọ́ obìnrin ẹni ọdún 29 láti Mowé. Kò sanra. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sún sẹ́yìn. Ó ti lo CPAP fún oṣù mẹ́fà, kò lè fara dà á.

Àkótán

Ọ̀nà èémí tó ń pàdé lójú oorun ni ó ń fa àìsàn yìí. Fún ọmọdé, yíyọ tọ́ńsìlì àti adénọ́ìdì ló ń ṣáájú. Fún àgbàlagbà, CPAP àti dídín ọ̀rá kù. Iṣẹ́ abẹ àgbàlagbà ń yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tó há ṣe yàtọ̀, ìdánwò oorun lẹ́yìn rẹ̀ ló sì ń fi hàn bóyá ó ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè

1. Kí nìdí tí ìdánwò oorun nìkan kò fi tó láti yan iṣẹ́ abẹ fún àgbàlagbà?
2. Fi STOP-Bang ṣe àyẹ̀wò aláìsàn B. Ìbéèrè wo ló kù tí wàá bi ìyàwó rẹ̀?
3. Ṣé gígé àjà ẹnu yóò wúlò fún aláìsàn B? Ṣàlàyé, kí o sì dábàá ìtọ́jú mìíràn.
4. Kí ni ó yẹ kí a ṣe fún aláìsàn A kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ?
5. Iṣẹ́ abẹ wo ni wàá bá aláìsàn C jíròrò? Sọ èrè àti ewu rẹ̀ ní èdè tí yóò yé e.
6. Kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà kékeré lédè Yorùbá fún òbí tó ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé lẹ́yìn yíyọ tọ́ńsìlì: oúnjẹ, oògùn, àmì ewu, àti ibi tí wọn yóò sáré lọ.